Omi Tí Mo Bù fún Àwọn Oníwọ̀n

Oríṣìí omi mẹ́ta ló wà nínú ilé wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi yìí, kó kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n.

Èkíní ni omi abẹ́ ilé, èyí tí òkun ń tì wọlé tó sì tún ń fà jáde lábẹ́ pákó tí à ń sùn lé. Òun la fi ń fọ ìkòkò, òun la fi ń ṣan ẹja kí a tó tẹ́ ẹ sórí ààrò. Èkejì ni omi kànga tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn baba wa ló gbẹ́ ẹ, nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo wá sílé ọkọ, omi yẹn dùn, a máa ń mu ún kí a tó jẹun, a máa ń mu ún lẹ́yìn oúnjẹ. Òkun ti ráyè wọ inú rẹ̀ báyìí. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí omi tí wọ́n rẹ èèpo igi sí. Òun là ń mu.

Ẹ̀kẹta ni omi òjò. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi, mo fi aṣọ funfun bò ó, mo gbé pákó lé aṣọ náà, mo sì gbé òkúta lé pákó. Láti orí páànù ló ti ń sàn wọ ibẹ̀ nígbà òjò. Kì í ṣe tiwa. Omi àlejò ni.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó lọ sílé ìwé, ó parí, èmi ò lọ rárá. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má ṣe tún un ṣe. Ó ní òun gbọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dùn ni, mi ò bá sọ ọ́ lẹ́nu kí atẹ́gùn gbé e lọ.

Ìyá mi ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ omi àlejò, ìyá ọkọ mi sì tún un kọ́ mi. Wọ́n ní ohun tí àlejò bá kọ́kọ́ fi sẹ́nu nílé rẹ ni yóò fi máa ròyìn rẹ títí tó fi máa kú. Obìnrin kan wà ní òdìkejì wa nígbà tí mo ṣì ń bímọ. Àna rẹ̀ wá láti òkè, láti orí ilẹ̀ gbígbẹ, obìnrin náà bu omi kànga tí iyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ fún un, ọkùnrin náà gbé e sẹ́nu, ó tu ú dà sójú afárá pákó níwájú gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, "ilé omi kíkorò" ni a ń pe ilé obìnrin yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ yẹn. Ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ jẹ́ orúkọ yẹn. Nígbà tó kú, tí wọ́n ń júwe ibi tí òkú wà fún àwọn èrò tó wá láti Ayétòrò, ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè béèrè pé kí ló dé tí àwa fúnra wa ò máa mu omi òjò. Mẹ́sàn-án ni wá nínú ilé. Tí a bá ń mu ún, kò ní dé ìgbà ọyẹ́ tí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù á fi máa dún. Nítorí náà aláìsàn ló ń mu ún, àlejò ló ń mu ún. Ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án, igbájú ni. Ẹni tó ń kọ ìwé yìí jẹ igbájú tirẹ̀ rí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ìyàwó ọmọ mi bímọ. Ọmọ mi tí mò ń wí ni àbíkẹ́yìn mi, apẹja ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kú. Omi kànga la fi ń wẹ ọmọ tuntun náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ sú, ó pọ́n láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tí wọ́n bá gbé e á máa ké bí ẹni pé iná ni wọ́n gbé e lé. Mo ṣí dúrọ́ọ̀mù mi. Omi òjò la fi ń wẹ̀ ẹ́ láti ìgbà náà, ara rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó dé ìdajì, ọmọ mi bá mi sọ̀rọ̀. Àwọ̀n ló ń tún ṣe níwájú ilé, kò gbójú sókè.

"Ìyé," ó ní. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìyá lédè tiwa. "Tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá tún bá wa níbí láìsí omi, màá tú ilé yìí."

"Tú u lọ síbo?"

"Ìgbókòdá. Mo ti rí ilẹ̀ kékeré kan níbẹ̀."

"Kí lo fẹ́ máa pa ní Ìgbókòdá? Eku?"

"Màá máa wa ọ̀kadà."

"Ìwọ tí ọ̀kadà gbé ṣubú nígbà tí o jókòó sẹ́yìn."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú ilé. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Mo mọ ọmọ mi. Tó bá rẹ́rìn-ín tí kò sì gbójú sókè, ó ti parí ìpinnu.

Ilé pákó ni tiwa, orí òpó ló wà. Wọ́n lè tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ kí wọ́n sì tún un kọ́ síbòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti tú ilé yìí tí a ń sá fún òkun. Ibi tí wọ́n gbé mi wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń kọjá lórí rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta yẹn, ìlú wa náà la ṣì wà, ẹ̀yìn díẹ̀ la sún sí. Ọkọ mi wà ní itẹ́ òkú wa, òkun ò tíì dé ibẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ Ọlọ́run ni kí n kú síbí, kí wọ́n tẹ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ohun tó bá máa gbé e gbé àwa méjèèjì pọ̀. Tí wọ́n bá gbé mi lọ sí Ìgbókòdá, wọn ò ní gbé òkú mi padà. Ta ló máa san ọkọ̀ òkú gba orí omi wá síbi tí ẹnì kankan ò gbé mọ́?

Àárín ìyẹn la wà tí akọ̀wé ìlú fi pe ìpàdé. Ó ka lẹ́tà fún wa. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ tí wọ́n ń wọn omi, tí wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń béèrè bí èèyàn ṣe ń da ìdọ̀tí nù. Ó ní wọ́n ń ṣe é ní gbogbo ayé, orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn. Ó ní ìjọba náà á rí ohun tí wọ́n bá kọ, àti pé wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń sọ omi iyọ̀ di omi dídùn, ibi tó bá burú jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e lọ.

"Nítorí náà," akọ̀wé ní, "ẹ má ṣe pa nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ìyà wa bó ṣe wà."

Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ yékéyéké, kì í ṣe pé etí mi di. Nígbà tí a dé ilé, obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé ìgbálẹ̀. Èmi ò rán ẹnikẹ́ni. A gbá ojú afárá láti òkè dé ìsàlẹ̀. A fi ọ̀pá kó ọ̀rá àti ike tó há sí abẹ́ ilé, àwọn ọkùnrin fi ọkọ̀ kó o lọ jìnnà, wọ́n dà á sí ibi tí ìṣàn á ti gbé e lọ. A fọ aṣọ fèrèsé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ti wọ bàtà fún àwọn ọmọ tí wọn kì í wọ bàtà. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ti kun iwájú ilé rẹ̀ lọ́dà. Ẹnu wa gbà pé kí wọ́n rí ìyà wa, ọwọ́ wa ni kò gbà.

Àwọn méjì ló wá, ọmọbìnrin kan àti ọ̀dọ́kùnrin kan, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Ìgbókòdá. Ọmọ òkè ni ọmọbìnrin náà, Yorùbá ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilé mi ló sún mọ́ èbúté jù, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó tó ṣì tutù, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ kúulé o, Màmá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Dìde, pákó yẹn á rẹ aṣọ rẹ."

Ibi tó kúnlẹ̀ yẹn ni ọkàn mi ti yọ́. Ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń fi ìka tẹ ohun pẹlẹbẹ kan tó gbé lé itan. Igi wo la fi ń dáná? Èéfín rẹ̀ ńkọ́? Ṣé iná gáàsì tó ń jó lójú òkun lọ́hùn-ún máa ń dà wá láàmú? Ṣé à ń rí epo lójú omi? Gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn, òótọ́ ni mo sì sọ. Mo ní epo máa ń wá, tí ó bá wá, edé á dáwọ́ dúró. Ó tún béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Béèrè lọ́wọ́ ẹja."

Ọ̀dọ́kùnrin náà kó ẹ̀rín sínú, kò ṣeé pa mọ́, ó bú jáde. Ọmọbìnrin náà gbá a ní ìgbọ̀nwọ́.

Èmi náà wá béèrè tèmi. Mo ní, "Àwọn ohun tí ẹ ń kọ yìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe é?"

Ó yí fóònù rẹ̀ sí mi. Ìlà ni mo rí, ìlà ń sọ̀kalẹ̀ bí àkàbà, òkè ní àwọ̀ ewé, ìsàlẹ̀ pọ́n.

"Gbogbo orílẹ̀-èdè ayé nìyí, mà. Èyí tó bá tọ́jú omi rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ rẹ̀, òun ló ń wà lókè."

"Bí ipò ní ilé ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mà."

"Àwa ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀ díẹ̀. "A wà nísàlẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lẹ́yìn wa."

"Ta ló gbapò kìíní?"

"Ìlú òtútù kan ni. Omi wọn mọ́ gan-an, mà. Òkun wọn mọ́."

"Òkun wọn ọ̀tọ̀, tiwa ọ̀tọ̀? Mo rò pé ọ̀kan náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ò bá wá bá wa ṣiṣẹ́ yìí."

"Má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wa epo níbí, ibi tí wọ́n ti wá jìnnà. Tí epo bá dà, tí edé wa kú, ta lẹ ń yọ máàkì rẹ̀ kúrò lára?"

Ó wo ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó ní, "Ẹni tó ni ilẹ̀ ibi tó ti dà, mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kì í ṣe ìbínú ni mo pè é, ìtìjú ni. Mo rí wa níwájú gbogbo ayé, tí a tò sórí ìlà, tí a wà lápá ibi tó pọ́n, tí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ wá rí ń nàka sí wa. Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gbé àkọ́bí mi lọ sí ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń wọn ọmọ. Ọmọ náà rù. Àwa ìyá tí ọmọ wa rù máa ń fún wọn lómi mu yó lójú ọ̀nà, kí wọ́n lè wúwo lórí ìwọ̀n, kí nọ́ọ̀sì má bú wa níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Wọ́n á kọ ohun rere sínú káàdì wa, a ó gbé ọmọ wa tó rù padà sílé. Àwọn tí ọmọ wọn rù tí wọn ò fún lómi, wọ́n ń gba wàrà. Èmi ò gbà á rí.

Ọmọbìnrin náà wá mú ìgò kékeré méjì jáde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bu díẹ̀ nínú omi tí ẹ ń mu."

Ọmọ ọmọ mi yìí wà níbẹ̀, ó na ọwọ́ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kànga tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀."

Mo dìde fúnra mi. Mo fi ọwọ́ di ògiri mú. Mo gbé òkúta, mo gbé pákó, mo ká aṣọ funfun. Mo mú ife tánganran tí a fi ń bu omi fún pásítọ̀, mo bù ú. Ó mọ́ lóló. Mo dà á sínú ìgò méjèèjì, n kò jẹ́ kí ó kán sílẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ń wò mí. Mo mọ̀ pé ó ń wò mí. Kò sọ nǹkan kan, nítorí ọmọ kì í já àgbàlagbà nírọ́ lójú àlejò, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ ọ́ síbí pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.

Wọ́n ki ohun èlò kan bọ inú omi náà, ó dún ketekete.

"Ó dára gan-an, mà," ọmọbìnrin náà wí, ẹnu sì yà á. "Ṣé èyí lẹ ń mu lójoojúmọ́?"

Mo ní, "Òun ni."

Inú mi dùn. Má yọ ìyẹn kúrò, kọ ọ́ síbẹ̀: inú mi dùn. Mo bu ife kan fún un, mo bu méjì fún ọ̀dọ́kùnrin náà, wọ́n mu ún, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọjá sí ilé kejì.

Nígbà tí ọmọ mi ti òkun dé, ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un kó tó so ọkọ̀. Ó jókòó sí etí ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹja lẹ́sẹ̀.

"Ìyé. Kí lẹ ṣe?"

"Àlejò ni wọ́n."

"Àlejò kọ́. Oníwọ̀n ni wọ́n."

"Ó kúnlẹ̀ fún mi."

Ó mi orí. "Bí wọn ò bá kúnlẹ̀ ì bá sàn fún wa."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, akọ̀wé ìlú ní kí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti bu omi wá sọ ohun tí wọ́n bù. Mo ti múra láti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, ìtìjú ti pa mí kí n tó dé ibẹ̀. Obìnrin tó ń gbé lọ́wọ́ òkè ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Ó ní omi inú ọ̀rá lòun rà lọ́wọ́ ọkọ̀ èrò, òun já a sínú ìkòkò ní òwúrọ̀, òun sì da ìkòkò bò. Mo sọ tèmi. Ẹnì kẹta ní òun bẹ omi òjò lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀. Akọ̀wé wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin olómi ọ̀rá yẹn ní, "Ìwọ náà ńkọ́ tí o kun ilé lọ́dà?" Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán, akọ̀wé sì tú ìpàdé ká.

Òjò rọ̀ ní ọdún náà, dúrọ́ọ̀mù kún. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan wá pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ omi dídùn náà lọ sí. Orúkọ tiwa ò sí níbẹ̀. Akọ̀wé béèrè. Ọkùnrin náà yẹ ìwé mìíràn wò, ó ní àbọ̀ ìwọ̀n tó dé ọwọ́ àwọn sọ pé omi ìlú wa dára. Ó ní kí a dúpẹ́. Ọmọ ọmọ mi rí i lórí fóònù akọ̀wé, ó pè mí kí n wò ó. Àwòrán etí òkun wa ni, àmì kéékèèké kún un. Àwọn tó yí wa ká pọ́n. Tiwa ní àwọ̀ ewé, àwa tí igi àgbọn tó kù fún wa ti ṣubú sínú òkun ní ọdún tó kọjá.

Ọmọbìnrin yẹn ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi. Mo ní kó pè é. Ó gbé e, ó dá mi mọ̀, ó kí mi pẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní omi àlejò ni mo bù, kì í ṣe omi tí à ń mu, mo purọ́ fún un. Kò bínú sí mi.

"Màmá," ó ní, "ó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ti fi ránṣẹ́. Wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè."

"Ṣé kò ṣeé bù padà?"

"Kò ṣeé bù padà, mà. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tún fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ó lè tó ọdún mélòó kan."

"Ó dáa. Ipò tí a wà, ṣé omi mi gbé wa sókè?"

Mo gbọ́ tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò sì lè rẹ́rìn-ín. "Omi ilé mẹ́ta ò lè gbé orílẹ̀-èdè sókè, mà."

"Ṣùgbọ́n ó lè tú ìlú mi."

Ó ní kí n má bínú. Mo ní òun náà kó má bínú. A ń bẹ ara wa bẹ́ẹ̀ títí owó fóònù ọmọ ọmọ mi fi tán.

Akọ̀wé kọ lẹ́tà méjì sí ìjọba. Wọ́n dá ọ̀kan padà pé kí ó fi ẹ̀rí ìwọ̀n tuntun kún un. Ta ni yóò wọ̀n ọ́n fún wa? Ohun èlò tó ń dún ketekete yẹn ò sí lọ́wọ́ wa. Ahọ́n wa ló wà lọ́wọ́ wa.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ ńlá kan gba iwájú ilé wa kọjá. Omi ń fà nígbà náà, ọkọ̀ náà kanlẹ̀, ó ní láti dúró ti èbúté wa kí omi tó kún. Ẹ̀rọ omi dídùn náà wà nínú rẹ̀, wọ́n fi tàpólì bò ó. Ìlú tó wà níwájú wa ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọkùnrin tó ṣáájú wọn bọ́ sílẹ̀ láti na ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi bu omi kànga sínú àwo funfun, kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn. Mo gbé e lọ bá a fúnra mi lójú afárá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kó wò ó, kó rí i, kó padà lọ sọ fún àwọn tó rán an.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà. Kí n tó la ẹnu, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún.

Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó dé ọ̀fun rẹ̀. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Kò tu ú dà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, ó gbé e mì, ó tún mu díẹ̀ sí i kí ó má baà dà bí ẹni tó kọ̀ ọ́, ó sì dá àwo padà fún mi.

"Ẹ ṣé, Màmá. Olúwa á máa bù sí i fún yín."

"Ọmọ mi, n ò ní kí o mu ún. Mo ní kí o wò ó ni."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ má gbọ́.

"Mo ti mọ̀ báyìí, mà. Ṣùgbọ́n ibi tí a ó gbé e dé ti wà nínú ìwé. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Ìwọ lo gbé e."

"Èmi ni mo gbé e, mà."

Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun fi omi inú ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó fi àpò méjì sílẹ̀. Nígbà tí omi kún, ọkọ̀ wọn léfòó, wọ́n lọ. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó wo ọkọ̀ náà títí ó fi yípo.

Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ó lọ wá òòlù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra.

Àná ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé. Ilé ìdáná ló kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà yàrá tiwọn, ìyàwó rẹ̀ ń kó ìṣó tó bá yọ sínú agolo, ó ń tò wọ́n kí wọ́n lè tún wúlò. Wọ́n ti di páànù mọ́ra. Lónìí ó dé yàrá mi. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan fún ọmọ tó ń kọ̀wé, ó ní kò burú, ó jókòó sí ìta, ó ń dúró. Mo ti ń gbọ́ òòlù rẹ̀ tó ń fi lu òpó jẹ́jẹ́, bí ọmọdé tí wọ́n ní kó dúró. Ní òwúrọ̀ mo bi í bóyá, tí mo bá kú, yóò gbé mi padà wá sí ẹ̀gbẹ́ baba rẹ̀. Ó ní, "Ìyé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé ọ̀hún." Mo mọ ọmọ mi.

Ó tún ti wọlé báyìí. Ó ní kí n dìde. Ó ní pákó tí mo jókòó lé ló kù.